Láti Ìwé Havana dé Agboolé Èkó: Àyẹ̀wò Àkọsílẹ̀ Ìjọba Spéènì ní Kúbà gẹ́gẹ́ bí Orísun Ìtàn Ìdílé

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Bọ́ládé, ní Òṣòdì, yóò bá ọjà pàdé kí ó tó bá ilé. Àwọn tí ń gbé àdúgbò náà ti ìlú púpọ̀ wá, bí a bá sì bi wọ́n léèrè ohun tí Òṣòdì jẹ́, ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé orúkọ ibùdókọ̀ ni. Orúkọ ènìyàn ni. Òṣòdì Tápà, tí a tún ń pè ní Landuji, jẹ́ ọmọ Núpé. Gẹ́gẹ́ bí ẹrú ni ó ṣe wọ ilé Ọba Ọ̀ṣìnlókùn ní Èkó. Nígbà tí ó yá, ó di olóyè ogun fún Kòsọ́kọ́, ó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, ó padà wálé ní 1862, ó tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó, ó sì kú ní 1868. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìbéèrè dìde lórí ẹni tí í ṣe ọmọ àti ẹni tí í ṣe arọ́ta nínú agboolé náà, àti irú ẹ̀tọ́ tí ìran àwọn arọ́ta ní lórí ilẹ̀ tí a fi wọ́n sí. Ẹjọ́ yìí kò parí sí Èkó. Ó dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930, ẹjọ́ mìíràn tí ó fara jọ ọ́ sì tún dé ibẹ̀ ní 1936.

Ìdí tí a fi fi Òṣòdì ṣí iṣẹ́ yìí ni pé ó fi hàn wá pé wíwá orísun ìdílé kì í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀ ní Èkó. Ilẹ̀ wà lórí rẹ̀, oyè wà lórí rẹ̀, ọ̀wọ̀ tí ènìyàn ní láàrin ẹbí sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún ẹ̀yà mìíràn nínú àwọn ará Èkó tí ìtàn wọn kọjá sí òkè òkun kí ó tó padà wálé, èyíinì ni àwọn Àgùdà. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ni ó ti wà lórí àwọn tí ó ti Bùràsíìlì dé. Àwọn tí ó ti Kúbà dé kéré níye, a sì sábà máa ń kó wọn pọ̀ mọ́ ti Bùràsíìlì bí ẹni pé ìlú kan náà ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Spéènì ni Kúbà wà, àwọn òyìnbó Spéènì sì jẹ́ ènìyàn tí ń kọ nǹkan sílẹ̀ gidigidi. Kókó iṣẹ́ yìí ni láti yẹ ohun tí wọ́n kọ wò, kí a sì wádìí bí ó ti lè ran ẹni tí ń wá baba ńlá rẹ̀ lọ́wọ́ tó, àti ibi tí ó ti lè ṣì í lọ́nà.

Ìwé orúkọ àwọn tí a dá sílẹ̀

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1817 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Spéènì tọwọ́ bọ ìwé pé òwò ẹrú yóò dópin lọ́wọ́ àwọn ará Spéènì ní 1820. Ilé-ẹjọ́ àjùmọ̀ṣe méjì ni wọ́n dá sílẹ̀ láti máa ṣe ìdájọ́ ọkọ̀ tí a bá mú lójú òkun, ọ̀kan ní Freetown, èkejì ní Havana. Òwò náà kò dópin. Ńṣe ni ó tún gbilẹ̀ sí i, nítorí pé oko ìrèké ní Kúbà ń fẹ́ ọwọ́, ogun sì ń tú ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá. Òwu fọ́, Ọ̀yọ́ Ilé sì dahoro ní nǹkan bí 1836. Àpapọ̀ àwọn tí a kó dé Kúbà láti ilẹ̀ Áfíríkà lé ní 700,000 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn onímọ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni a sì kó dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ọkọ̀ kìíní tí ilé-ẹjọ́ Havana ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ni Relámpago, tí a mú ní òpin ọdún 1824. Láti ìgbà náà títí di 1841, àwọn ènìyàn tí ilé-ẹjọ́ yìí dá sílẹ̀ lé ní 10,000. Emancipado ni orúkọ tí a ń pè wọ́n. Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ kọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ tí ó ti ilé bọ̀, orúkọ Kristẹni tí a fi bò ó, orílẹ̀ tí ó sọ pé òun ti wá, ọjọ́ orí rẹ̀, bí ó ti ga tó, àti àmì tí ó wà lára rẹ̀. Ẹ̀dà àwọn ìwé náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì wà ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba ní Kew títí di òní. Henry Lovejoy ni ó da wọ́n kọ, tí ó sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 2010. A ti pa orúkọ inú wọn pọ̀ mọ́ ti Freetown nínú àkójọ kan tí ó ní orúkọ ènìyàn tí ó lé ní 91,000, tí ẹnikẹ́ni sì lè wò lórí kọ̀ǹpútà.

Ohun ìyanu ni ìwé báyìí. Níbi púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà àti iye owó nìkan ni ẹrú fi wọ inú ìwé. Níhìn-ín, orúkọ tí ìyá àti bàbá fúnra wọn sọ ọmọ ni a rí. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ilé-ẹjọ́ lo ògbufọ̀, àwọn ògbufọ̀ náà sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí ó ti pẹ́ ní Havana, tí ó sì gbọ́ èdè àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. A lè fojú inú wo ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò nínú àjà ọkọ̀, tí ẹnì kan sì bi í ní èdè rẹ̀ pé, "Kí ni orúkọ rẹ?"

Ṣùgbọ́n láti ẹnu ògbufọ̀ dé orí ìwé, ọ̀rọ̀ náà tún gba etí akọ̀wé kọjá. Níhìn-ín ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lo ìwé yìí ni kì í gbọ́ Yorùbá, àwọn tí ó sì gbọ́ Yorùbá kì í sábà gbọ́ èdè Spéènì.

Ìró èdè àti orúkọ

Orúkọ òrìṣà tí ó wà lẹ́nu àwọn ará Kúbà títí di òní ni ó lè kọ́ wa bí ìró ṣe yí padà. Ṣàngó di Changó, Ọ̀ṣun di Ochún: ṣ di ch. Yemọja di Yemayá: j di y. Ẹlẹ́gbára di Eleguá: gb di gu. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ kò sí mọ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ìlú. Ọ̀yọ́ di Eyó, Ìjẹ̀ṣà di Yesá tàbí Iyesá, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára orúkọ ẹgbẹ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà tí a dá sílẹ̀ ní Matanzas ní 1845. Lucumí ni orúkọ tí ó bo gbogbo wọn.

Ẹni tí ó bá mọ ìlànà yìí yóò rí i pé orúkọ kan ṣoṣo lè ṣí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀. Bí j bá di y, ọkùnrin tí ń jẹ́ Òjó lè di ohun tí ó jọ orúkọ ìlú Ọ̀yọ́ lójú ìwé. Lẹ́tà j fúnra rẹ̀ kò dún ní èdè Spéènì bí ó ti ń dún ní Yorùbá. Bí h ni ó ń dún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka j inú ìwé Havana bí j ti Yorùbá ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà gu lè jẹ́ gb, ó sì lè jẹ́ w. Àwọn akọ̀wé ìgbà náà kò sì ya b àti v sọ́tọ̀.

Ká tilẹ̀ sọ pé a ka orúkọ náà tọ̀nà, kí ni ó sọ fún wa? Orúkọ àmútọ̀runwá, bí Òjó, Àìná, Dàda àti Táíwò, ń sọ bí a ti bí ọmọ. Kò sọ ilé tí a bí i sí, nítorí kò sí ìlú Yorùbá tí a kò ti ń jẹ́ wọn. Orúkọ tí ó ní Ifá, Ògún, Àyàn tàbí Ọ̀jẹ̀ nínú sàn ju èyí lọ, nítorí pé ó ń tọ́ka sí iṣẹ́ tàbí ẹ̀sìn ìdílé. Fernando Ortiz, onímọ̀ ará Kúbà, kọ ọ́ pé Añabí àti Atandá ni ọkùnrin méjì tí ó ṣe ìlù bàtá onílànà àkọ́kọ́ ní Havana ní 1830. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ pé Àyànbí ni Añabí, ilé onílù ni a sì ti bí i. Ṣùgbọ́n onílù ìlú wo? Ìwé kò dáhùn.

Lójú òṣìṣẹ́ ìwádìí tí ó bá jẹ́ Yorùbá, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ nínú ìwé Havana ni oríkì orílẹ̀. Bí ẹnì kan bá lè sọ pé ọmọ Oníkòyí ni òun, tàbí ọmọ Olúọ́jẹ̀, ìwádìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Akọ̀wé kò bèèrè, nítorí pé kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Bákan náà ni ilà ojú. Ó rí ilà, ó sì kọ ọ́ pé ilà wà lójú, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ fún pélé, àbàjà tàbí kẹ́kẹ́. Nítorí èyí, kò yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ pé orúkọ inú àkójọ yìí lè fi ìlú baba ẹni hàn. Ó lè fi èdè hàn, ó lè fi agbègbè hàn nígbà mìíràn. Kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé ìjọ Àgùdà

Emancipado kéré níye lára àwọn tí a kó dé Kúbà. Àwọn yòókù kọjá sí oko láìfojú kan ilé-ẹjọ́ kankan, ìwé ìsàmì ni ó sì kọ́kọ́ gba orúkọ wọn sílẹ̀. Òfin Spéènì pàṣẹ pé kí olówó ẹrú mú ẹrú rẹ̀ lọ sí ilé ìjọsìn láti ṣe ìsàmì. Ìwé tí àwọn àlùfáà fi ń kọ orúkọ àwọn dúdú yàtọ̀ sí ti àwọn funfun. Ọjọ́, orúkọ, orúkọ olówó, àti orúkọ bàbá-ìsàmì tàbí ìyá-ìsàmì ni a ń rí nínú rẹ̀. Láti 2003 ni Jane Landers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Vanderbilt ti ń ya àwòrán irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Kúbà, kí kòkòrò àti ọ̀rinrin tó jẹ wọ́n tán.

Orúkọ tí a fún ẹni tí a ṣe ìsàmì fún sábà máa ń jẹ́ ti ẹni mímọ́ tí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí. Esteban Montejo, ẹni tí Miguel Barnet kọ ìtàn rẹ̀ jáde ní 1966, sọ pé ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1860, tí í ṣe ọjọ́ Stẹ́fánù mímọ́, ni a bí òun, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fi ń jẹ́ Esteban. Ó ní Lucumí láti Ọ̀yọ́ ni bàbá òun, Nazario ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Montejo tí ó ń jẹ́, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti wá. Michael Zeuske tí ó lọ wádìí Montejo nínú ìwé ìjọba ní Cienfuegos rí i pé ohun tí ìwé wí àti ohun tí ẹnu wí kò bára mu níbi púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ Montejo yìí gbé ìṣòro ńlá kan jáde. Nínú òfin ẹrú, inú ìyá ni ọmọ ń tẹ̀lé. Ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, ẹrú ni, ti olówó ìyá rẹ̀ sì ni. Bí ọkùnrin àti obìnrin kò bá ti gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà kò ní kọ orúkọ bàbá. Nítorí náà ni àkọsílẹ̀ Kúbà fi mọ ìyá ju bàbá lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé lọ́dọ̀ Yorùbá, ilé bàbá ni ó sábà máa ń pinnu ilẹ̀, oyè àti oríkì. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìwé náà láti ìran dé ìran lè dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí a pè ní María Lucumí, kí ó má sì rí ọkùnrin kankan lójú ọ̀nà.

Nígbà tí oko ẹrú dópin ní Kúbà ní 1886, orúkọ olówó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mú gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Orúkọ méjì ni ará Spéènì ń jẹ́ lẹ́yìn orúkọ tirẹ̀, ti bàbá àti ti ìyá. Ẹni tí ó bá ti oko ẹrú bọ̀ kò ní ju ẹyọ kan lọ, akọ̀wé a sì kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, s.o.a., tí ó túmọ̀ sí pé kò ní orúkọ ìdílé mìíràn. Zeuske fi hàn pé lẹ́tà mẹ́ta yìí di àmì tí a fi ń dá ìran ẹrú mọ̀ nínú ìwé, lẹ́yìn tí òfin ti sọ pé kò sí ẹrú mọ́. Àwọn tí ń wá baba ńlá wọn lónìí ń fi ayọ̀ wo àmì yìí, nítorí pé ó ń tọ́ wọn sọ́nà. Àwọn tí a kọ ọ́ sí lára kò lè fi ayọ̀ wò ó.

Nǹkan kan tún wà tí kò yẹ kí a fò dá. Ikú inú ìwé kì í ṣe ikú nígbà gbogbo. Bí ẹrú kan bá kú lóko, àwọn olóko mìíràn a kọ ọ́ pé emancipado kan ni ó kú, wọn a sì fi orúkọ ẹrú tí ó kú pe emancipado náà, kí wọ́n lè máa lò ó lọ bí ẹrú. Àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Havana ráhùn lórí èyí léraléra. Ẹni tí ó bá ka ìwé òkú láìmọ̀ yóò sin baba ńlá rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè.

Ìwé tí àwọn ẹrú fúnra wọn mú kí a kọ

Gbogbo èyí lè mú kí ènìyàn rò pé àkọsílẹ̀ Spéènì kò wúlò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàrin ìwé tí a kọ nípa ẹrú àti ìwé tí ẹrú fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ pé kí a kọ fún òun. Òfin Kúbà gbà pé kí ẹrú lè san owó orí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A ó dá iye kan lé e, olówó kò sì lè fi kún un mọ́. Coartación ni wọ́n ń pè é. Ìsanwó kọ̀ọ̀kan gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé òfin kọjá, bí ó bá sì parí, ìwé òmìnira yóò jáde. Níbẹ̀ ni a ti ń rí ìyá tí ó san owó fún ọmọ inú rẹ̀, ọkọ tí ó san fún aya, àti ẹni tí ó san fún ẹni tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà dé. Nínú ìwé ìhágún tí àwọn tí ó ti gba òmìnira ṣe, wọn a máa dárúkọ ẹni tí yóò jogún wọn, àti àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Àwọn ẹgbẹ́ Lucumí pẹ̀lú ní ìwé tiwọn. Juan Nepomuceno Prieto, olórí ẹgbẹ́ Lucumí ti Ṣàngó ní Havana, ni ìjọba mú ní 1835 lẹ́yìn ìjà tí àwọn Lucumí jà ní ìgboro. Ìwé tí a kó nílé rẹ̀ àti ìbéèrè tí a bi í ni ó jẹ́ kí Lovejoy lè kọ odindi ìwé kan nípa rẹ̀ ní 2018. Ó bani nínú jẹ́ pé inú ìwé ọlọ́pàá ni a ti ń bá àwọn baba wa sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ẹlẹ́sìn gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé wọ̀nyí. Bí olórìṣà ní Kúbà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètùtù, yóò júbà àwọn tí ó ti kú, orúkọ lé orúkọ. Remigio Herrera tí ó kú ní Regla ní 1905, Adechina ni orúkọ rẹ̀ nínú ìjúbà, èyíinì ni Adéṣínà. Josefa ọmọ rẹ̀, tí ó kú ní 1947, Echubí ni tirẹ̀, èyíinì ni Èṣùbí. Ìwé ìjọba mọ Herrera, àwọn ẹlẹ́sìn mọ Adéṣínà, láìsí méjèèjì a kò lè mọ̀ pé ẹnì kan ni. Síbẹ̀, ó yẹ kí olùwádìí ṣọ́ra. Ìran tí a ń kà nínú ìjúbà ni ìran ìtẹ̀fá àti ti ìdósù, ẹni tí ó tẹ ẹni, kì í ṣe ẹni tí ó bí ẹni. Àwọn kan ti da méjèèjì pọ̀ tí wọ́n sì ti fi bàbá olùtẹ̀ ṣe bàbá tí ó bí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà: láti ìgbà tí Spéènì ti ṣe òfin ní 2007, tí wọ́n sì tún ṣe òmíràn ní 2022, pé ọmọ-ọmọ ará Spéènì lè di ọmọ ìbílẹ̀ Spéènì, ọ̀pọ̀ ará Kúbà ti sáré wá ìwé ìsàmì bàbá bàbá wọn. Ìjọ kan náà, àlùfáà kan náà. Títí di 2025 tí ààyè òfin náà parí, ẹni tí baba ńlá rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn funfun lè rí ìwé ìrìnnà gbà. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà nínú ìwé kejì kò ní rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ Spéènì, ìjọba Nàìjíríà náà kò sì ní òfin tí ó bá a mu.

Ìhà ti Èkó

Rodolfo Sarracino, ará Kúbà, tẹ ìwé jáde ní Havana ní 1988 lórí àwọn tí ó padà sí Áfíríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìdílé tí ó ti Kúbà dé wà ní Èkó, orúkọ ìdílé Campos sì ṣì wà lára gbàgede tí a ń pè ní Campos ní àdúgbò àwọn Àgùdà. Ẹ̀rí wà pẹ̀lú pé ọ̀nà Èkó kò mọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí a dá sílẹ̀ nìkan. Ní 1854, ẹgbẹ́ àwọn Lucumí kan tí ó ti fi owó ara wọn ra ara wọn padà ní Kúbà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú ọ̀nà Èkó. Àwọn tí ń gbógun ti òwò ẹrú fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, wọ́n sì tẹ ìdáhùn wọn sínú Anti-Slavery Reporter ní oṣù kẹwàá ọdún náà.

Ìwé yìí ni ó yẹ kí olùwádìí fi ṣe afárá. Ẹni tí ó bá rí orúkọ níbẹ̀ lè padà sẹ́yìn sí ìwé òmìnira ní Havana, níwọ̀n bí ìsanwó ti gba ọwọ́ akọ̀wé òfin kọjá. Ó sì lè lọ síwájú sí ìwé aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní àkókò Benjamin Campbell, láti 1853 sí 1859, sí ìwé ìsàmì tí àwọn fadá ará Faransé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860 sókè, àti sí ìwé ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn ará Èkó lẹ́yìn 1861. Ṣùgbọ́n kí ó múra sílẹ̀ fún orúkọ kan tí akọ̀wé Spéènì kọ, tí Àgùdà Bùràsíìlì tún pè bí Pọtogí, tí fadá Faransé tún kọ gẹ́gẹ́ bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ, tí akọ̀wé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì tún gé kúrú. Ìyẹn jẹ́ ọwọ́ mẹ́rin lórí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo láàrin ogún ọdún. Kí ó sì mọ̀ pé bí ó bá dé inú agboolé pẹ̀lú ìwé òmìnira lọ́wọ́, gbogbo ẹbí kọ́ ni yóò bá a yọ̀. Ìwé òmìnira ni ó fi hàn pé ẹrú ni baba wọn nígbà kan rí, ilé-ẹjọ́ sì ti kọ́ àwọn ará Èkó láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ohun tí ẹnì kejì lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe. Nítorí náà ni àwọn àgbàlagbà kan fi máa ń sọ pé òwò ni bàbá àwọn bá lọ sí òkè òkun. Ó yẹ kí olùwádìí gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́, kí ó sì bèèrè oríkì tí ìyá àgbà fi ń ki àwọn ọmọ láàárọ̀, nítorí pé ìbéèrè yẹn ni akọ̀wé Havana kò bi ẹnikẹ́ni.